Kẹ̀kẹ́ Ológeere Lójú Agbanisíṣẹ́: Ta Ni Ètò Cycle to Work Ń Ràn Lọ́wọ́?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn tó ń gbá ọ́fíìsì, àwọn ọlọ́dẹ tó ń lọ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣọ́ òru mọ́jú, àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nílé ti wà lójú títì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà lára wọn, láti Peckham dé Thamesmead, láti Tottenham dé Dagenham. Àwọn kan ń dúró de bọ́ọ̀sì òru. Àwọn mìíràn ti tan iná kẹ̀kẹ́ ológeere wọn, wọ́n ti mú ọ̀nà pọ̀n.

Láti ọdún 1999 ni òfin ti wà ní Ìlú Ọba tó ní kí agbanisíṣẹ́ lè ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láti ní kẹ̀kẹ́ tí yóò máa gùn lọ síbi iṣẹ́, láìjẹ́ pé ìjọba gba owó orí lórí ìrànwọ́ náà. Ètò tí òfin yẹn bí ni wọ́n ń pè ní Cycle to Work. Ètò tó dára ni, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ló sì ti jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀ wò, a ó rí i pé ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ ló ń ràn lọ́wọ́ jù, nígbà tí ẹni tó jí ní aago mẹ́rin ìdájí kì í sábà lè fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá mọ bí ètò yìí ṣe ń lọ, ibi tó ti ń já, àti ohun tí a lè ṣe sí i.

Láti ayé wọlé-wọlé

Ọjọ́ ti pẹ́ tí agbanisíṣẹ́ ti ń dá sí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣèjọba Nàìjíríà, owó kẹ̀kẹ́ wà lára àjẹmọ́nú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan. Wọlé-wọlé tó ń lọ láti agboolé dé agboolé láti yẹ àmù omi wò, mẹ́sẹ́ńjà tó ń gbé fáìlì kiri, akọ̀wé tí wọ́n rán lọ sí abúlé: ìjọba mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n bá fi ń rìn, iṣẹ́ kò ní yá. Wọ́n á yá òṣìṣẹ́ lówó láti ra kẹ̀kẹ́, wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù rẹ̀, wọ́n á sì fi nǹkan díẹ̀ kún un tí yóò máa fi tún kẹ̀kẹ́ náà ṣe. Raleigh, tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Nottingham, wà lára àwọn tó gbayì jù nígbà náà.

Lójú ọ̀gá ayé ìgbà yẹn, bí ọkọ́ ti jẹ́ fún àgbẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ jẹ́ fún wọlé-wọlé. Kẹ̀kẹ́ tí ènìyàn ń gùn láti ilé lọ síbi iṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrìn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò sí lára wákàtí iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ló ni wàhálà rẹ̀. Títí di òní, òfin owó orí Ìlú Ọba ya ìrìn méjèèjì sọ́tọ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá fi kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ jíṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́, ọ̀gá lè san 20 pẹ́ńsì fún un lórí máìlì kọ̀ọ̀kan láìsí owó orí lórí rẹ̀. Láti ilé lọ síbi iṣẹ́, òfin yìí kò kàn án. Olùtọ́jú arúgbó tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti ilé aláìsàn kan bọ́ sí òmíràn yẹ kó mọ èyí dáadáa, nítorí ìrìn tirẹ̀, ìrìn iṣẹ́ ni. Bí ọ̀gá rẹ̀ kò bá san tó 20 pẹ́ńsì, ó lè kọ̀wé sí HMRC, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba, kí wọ́n fi ìyókù dín owó orí rẹ̀ kù.

Ohun tí ọ̀gá ń rò

Bí ìrìn ilé sí ibi iṣẹ́ kò bá kan ọ̀gá, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń ná owó lé e lórí? Ìṣirò ni. Ibi tí mọ́tò kan ń gbà láti dúró lè gba kẹ̀kẹ́ tó tó mẹ́wàá, ilẹ̀ sì wọ́n láàárín ìlú ńlá. Láti ọdún 2003 ni ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé mọ́tò wọ àárín ìlú, kò sì sí irú owó bẹ́ẹ̀ fún kẹ̀kẹ́. Àwọn tó ń kọ́ ilé ọ́fíìsì náà mọ̀ pé àwọn tó ń fi BREEAM díwọ̀n ilé tí kò ba àyíká jẹ́ máa ń fún ilé tó bá ní ibi ìgbékẹ̀kẹ́sí àti ilé ìwẹ̀ ní máàkì, pé òfin ìkọ́lé Lọ́ńdọ̀nù pàápàá sì béèrè ibi ìgbékẹ̀kẹ́sí nínú ilé ọ́fíìsì tuntun.

Ọ̀rọ̀ ìlera wá tẹ̀ lé e. Ní ilẹ̀ Netherlands, àwọn oníwàádìí ṣe ìwádìí láàárín òṣìṣẹ́ tó lé ní 1,200, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ pa iṣẹ́ jẹ nítorí àìsàn fún ọjọ́ 7.4 lọ́dún, àwọn tí kì í gùn ún pa á jẹ fún ọjọ́ 8.7. Ọjọ́ kan lé díẹ̀ lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ní òṣìṣẹ́ 500 yóò rí i pé ó ju ọjọ́ iṣẹ́ 500 lọ. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Glasgow gbé ìwádìí tiwọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Wọ́n ti tẹ̀ lé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn tó lé ní 260,000 ní Ìlú Ọba fún bí ọdún márùn-ún. Láàárín àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ewu ikú fi ìdá 41 nínú 100 dín sí ti àwọn tó ń wọkọ̀ tàbí tó ń wa mọ́tò. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ nìkan ló fà á, torí ó lè jẹ́ pé àwọn tí ara wọn le tẹ́lẹ̀ ló ń gùn ún. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ náà ti yọ ọjọ́ orí, sìgá mímu àti irú oúnjẹ tí kálukú ń jẹ kúrò nínú ìṣirò wọn, ìyàtọ̀ náà kò sì parẹ́.

Ọ̀gá ní ìbẹ̀rù tirẹ̀ náà. Ṣé òṣìṣẹ́ ò ní í dé pẹ̀lú òógùn ní gbogbo ara? Ṣé mọ́tò ò ní í kọlù ú lọ́nà? Láti ìgbà tí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ti pọ̀, ẹ̀rù iná ti kún un. Panápaná Lọ́ńdọ̀nù ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nípa bátìrì àyédèrú àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yí padà sí oníná, nítorí náà àwọn ilé ọ́fíìsì kan kò gbà kí wọ́n gba iná sí bátìrì nínú ilé. Ìbẹ̀rù yìí kò burú, bí kò bá ṣáà ti di àwáwí láti ti gbogbo kẹ̀kẹ́ síta.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá ti háyà kẹ̀kẹ́ rí nígbà èwe rẹ̀ yóò tètè lóye Cycle to Work, torí háyà ni. Òṣìṣẹ́ yóò yan kẹ̀kẹ́ tó wù ú ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú akoto, iná àti àgádágodo. Ọ̀gá ni yóò rà á, òun ló sì ni ín. Yóò wá fi háyà fún òṣìṣẹ́ fún oṣù 12 tàbí 18. Òṣìṣẹ́ yóò fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n dín owó oṣù òun kù ní iye owó háyà náà. Nítorí pé kí owó orí tó kan owó oṣù ni wọ́n ti dín in kù, ìjọba kò ní gba owó orí lórí apá tó lọ sí kẹ̀kẹ́, kò sì ní gba owó National Insurance, ìyẹn owó adójútòfò ìjọba, lórí rẹ̀. Òfin ní kí ó tó ìdajì nínú ìrìn kẹ̀kẹ́ náà tó jẹ́ ti iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ka máìlì mọ́ ènìyàn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní £800 ni kẹ̀kẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù àárín ní England ń san ìdá 20 nínú 100 fún owó orí àti ìdá 8 fún National Insurance. Ìdá 28 nínú £800 jẹ́ £224. Nítorí náà, £576 péré ló jáde lápò rẹ̀ ní tòótọ́ láàárín ọdún kan. Ọ̀gá tí owó oṣù rẹ̀ ga, tó ń san ìdá 40 àti ìdá 2, ń rí £336 fi pa mọ́ lórí kẹ̀kẹ́ kan náà, £464 sì ló jáde lápò tirẹ̀. Iléeṣẹ́ náà ń jèrè: láti oṣù kẹrin ọdún 2025, ìdá 15 nínú 100 ni agbanisíṣẹ́ ń san fún National Insurance, torí náà £120 ni kò ní san mọ́ lórí £800 yẹn. Ẹni tó bá sọ pé àánú nìkan ló mú ọ̀gá ṣe ètò yìí kò tíì ka ìwé ìṣirò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni òpin háyà. Owó háyà kì í ṣe owó tí a fi ra kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ náà ṣì jẹ́ ti ọ̀gá nígbà tí háyà bá parí. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ gbà á pátápátá, ó gbọ́dọ̀ san iye tí kẹ̀kẹ́ àlòkù náà tó lọ́jà. HMRC ti gbé ìwọ̀n kalẹ̀: kẹ̀kẹ́ tó ju £500 lọ tó sì ti lo ọdún kan, ìdá 25 nínú 100 iye tí wọ́n rà á ni. Fún kẹ̀kẹ́ wa yìí, £200 nìyẹn. Bí ẹ bá fi £200 kún £576, ó di £776, àǹfààní tó kù fún òṣìṣẹ́ kò ju £24 lọ! Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ètò fi ń sún háyà náà síwájú. Òṣìṣẹ́ yóò san ìdá 7 nínú 100, ìyẹn £56, yóò máa lo kẹ̀kẹ́ náà lọ fún ọdún mẹ́ta sí i láìsan owó mìíràn, nígbà tí ọdún mẹ́rin bá sì pé, £56 yẹn ni yóò di owó tó fi rà á. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £632, ó sì jèrè £168. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ohun méjì mìíràn tún wà. Bí òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí háyà tó parí, wọn yóò yọ ìyókù lára owó ìkẹyìn rẹ̀ lẹ́yìn tí owó orí ti kúrò, àǹfààní ìyókù náà sì ti lọ. Bákan náà, nítorí pé owó oṣù ti dínkù nínú ìwé, ó lè dín owó ìsinmi ìbímọ kù, ó sì lè kan owó ìfẹ̀yìntì. Obìnrin tó ń retí ọmọ gbọ́dọ̀ wo èyí dáadáa.

Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í kọjá £1,000, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣẹ ìyánilówó tí ìjọba fún gbogbo wọn pa pọ̀ mọ. Ní 2019, ìjọba ṣàlàyé pé ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ lè kọjá ibẹ̀. Èyí ló ṣínà fún kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, tó ń ran ẹni tí orúnkún ń dùn àti ẹni tó ń gun òkè lọ́wọ́. Òfin ní kí mọ́tò inú rẹ̀ má ju wáàtì 250 lọ, kí ó sì dákẹ́ bí eré bá ti tó máìlì 15.5 ní wákàtí kan.

Àwọn tí ètò náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Òfin sọ pé kí agbanisíṣẹ́ fi ètò náà lọ gbogbo òṣìṣẹ́, kó má ṣe yan ẹnì kan pọ́sìn. Òfin mìíràn sì sọ pé dídín owó oṣù kù kò gbọ́dọ̀ fa owó iṣẹ́ ènìyàn wálẹ̀ ju iye tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba gbé e sí £12.21 ní wákàtí kan fún ẹni tó ti pé ọdún 21. Òfin rere ni, ó ń gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ arẹ́nijẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí háyà kẹ̀kẹ́ ti jẹ́ dídín owó oṣù kù, ẹni tí owó rẹ̀ wà ní ìwọ̀n òfin kò ní ohun tí wọ́n lè dín. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, ẹni tó ń fọ abọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, olùtọ́jú arúgbó tí owó rẹ̀ ò ju ìwọ̀n òfin lọ, gbogbo wọn yóò kọ̀wé béèrè, ìdáhùn kan náà ni wọn yóò sì gbà: ẹ máa bínú, ẹ kò yẹ fún un.

Àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri lórí kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ náà wà lẹ́yìn odi, nítorí wọ́n kà wọ́n sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ìlú Ọba dájọ́ pé kò sí àjọṣe ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ láàárín iléeṣẹ́ Deliveroo àti àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún un. Níbi tí kò bá sí ọ̀gá, kò sí Cycle to Work.

Ọ̀nà wà bí ọ̀gá bá fẹ́. Òfin 1999 kò sọ pé dandan ni kí wọ́n dín owó oṣù ẹnikẹ́ni kù. Iléeṣẹ́ lè ra kẹ̀kẹ́ kó sì yá òṣìṣẹ́ lò lọ́fẹ̀ẹ́, owó orí kò ní kan òṣìṣẹ́ náà. Ọ̀nà kejì ni kí ó yá òṣìṣẹ́ lówó láìsí èlé láti lọ ra kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Bí gbogbo gbèsè tí òṣìṣẹ́ jẹ iléeṣẹ́ kò bá ju £10,000 lọ, ìjọba kì í gba owó orí lórí èlé tí wọ́n fi jìn ín. Yíyọ owó tí wọ́n yá ènìyàn lára owó oṣù rẹ̀ kò sì rú òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ, torí gbèsè ló ń san, wọn kò dín owó rẹ̀ kù. Òṣìṣẹ́ kò ní jèrè ìdá 28 yẹn, ṣùgbọ́n yóò bọ́ lọ́wọ́ àwìn olówó gọbọi. Ọ̀nà yìí fara jọ èyí tí wọ́n gbà fún wọlé-wọlé ní Nàìjíríà àtijọ́.

Kẹ̀kẹ́ nìkan kò tó

Ẹni tó bá ti ní kẹ̀kẹ́ ṣì ní láti rí ibi gbé e sí. Àwọn olè kẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù mọ iṣẹ́ wọn. Àgádágodo olówó pọ́ọ́kú kò lè dá wọn dúró. Yàrá kan nínú ilé, tó ní ilẹ̀kùn tó ń tì àti irin tí a lè so kẹ̀kẹ́ mọ́, wúlò fún gbogbo òṣìṣẹ́, iye yòówù tí wọ́n ń gbà. Ilé ìwẹ̀ náà wúlò, àti kọ́bọ́ọ̀dù tí kálukú lè ti aṣọ rẹ̀ mọ́. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń pe ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti yẹ bíréèkì àti táyà wò lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn ń sanwó kí òṣìṣẹ́ lọ kọ́ bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín mọ́tò.

Ohun kan tún wà tí owó kò rà. Àwọn òṣìṣẹ́ alágbàṣe tó ń gbálẹ̀ tàbí ṣọ́nà kì í sábà jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹni tó ni ilé náà. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọlé, káàdì wọn kì í sì í ṣí yàrá kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ni ilé lè yí èyí padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bí ó bá fi orúkọ wọn kún àwọn tí ilẹ̀kùn náà lè ṣí fún.

Ohun tí àwọn ìlú mìíràn ń ṣe

Ní Jámánì, láti 2012 ni wọ́n ti ń fi ojú mọ́tò iléeṣẹ́ wo kẹ̀kẹ́ iléeṣẹ́ nínú òfin owó orí, wọ́n sì ti dín owó orí rẹ̀ kù gan-an láti 2020. Ní Netherlands, láti 2024, ọ̀gá lè san sẹ́ǹtì 23 owó yúrò lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ bá rìn lọ síbi iṣẹ́ láìsí owó orí, ì báà jẹ́ kẹ̀kẹ́ ló gùn. Amẹ́ríkà ní tiwọn padà sẹ́yìn: láti 2009 ni òfin ti gba ọ̀gá láàyè láti san 20 dọ́là lóṣù fún òṣìṣẹ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́, wọ́n dá a dúró ní 2018, òfin ọdún 2025 sì pa á rẹ́ pátápátá.

Ti Belgium ló wù mí jù. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, òṣìṣẹ́ aládàáni tí kò sí àdéhùn kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀ tàbí iléeṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí sẹ́ǹtì 27 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, kò ju kìlómítà 20 lọ ní àlọ àti 20 ní àbọ̀. Lẹ́yìn náà, iye náà máa ń pọ̀ sí i bí owó ọjà ṣe ń gùn. Ní sẹ́ǹtì 27 ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ibi iṣẹ́ ní kìlómítà mẹ́fà yóò rí yúrò 3.24 lójúmọ́, èyí tó jẹ́ yúrò 64.80 ní ogún ọjọ́ iṣẹ́. Ọ̀nà tí ènìyàn rìn ni wọ́n wọ̀n. Agbálẹ̀ àti ọ̀gá àgbà tó rin ìrìn kan náà ń gba owó kan náà, kò sì sí ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré jù láti gbà á.

Bí ìjọba Ìlú Ọba yóò bá tún òfin 1999 ṣe, ibẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ohun tí ọ̀gá lè ṣe lónìí kò kéré: kí ó yá òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lówó láìsí èlé, kí ó ṣí yàrá kẹ̀kẹ́ fún alágbàṣe, kí ó san 20 pẹ́ńsì fún gbogbo ìrìn iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ náà ní ipa tirẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ yín, ẹ béèrè bóyá ètò kẹ̀kẹ́ wà, iye tí ẹ ó san ní ìparí háyà, àti ohun tí wọ́n ní fún ẹni tí owó rẹ̀ wà ní ìwọ̀n òfin. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ bá yín béèrè, torí ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọ̀gá tètè ń gbọ́.